Mùtíátù Palẹ̀ Mọ́ De Wẹ́fíà

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ìyáàfin Helen wá láti ọ́fíìsì wẹ́fíà tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ, ó wá wo yàrá Mùtíátù aránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó ti tó ọdún méjì tí Mùtíátù àti Wàhábì, ọkọ tí ó ti kọ̀ sílẹ̀, ti ń fa Hafeezah, ọmọ wọn ọdún méje, mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní kóòtù. Tẹ́lẹ̀, tẹnu bàbá àti ìyá ni adájọ́ máa ń gbọ́ tí yóò fi dájọ́. Òfin tuntun tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe ní kí wẹ́fíà kọ́kọ́ dé ilé àwọn méjèèjì, kí wọ́n wo ibi tí ọmọ ń sùn.

Wolé-wolé, àwọn tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, ni Mùtíátù mọ̀; ó rò pé bákan náà ni wẹ́fíà. Ní ọdún 1996, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, wolé-wolé bá ẹní ọmọ àti aṣọ ìdọ̀tí nílẹ̀, wọ́n sì mú ìyá rẹ̀ lọ sí kóòtù. Nítorí náà, ó kó ẹní Hafeezah, bàtà rẹ̀, ìwé kéwú rẹ̀ àti bèbí ìṣeré rẹ̀ tí ó ti kán lápá lọ sí yàrá Mọ́ṣádé, ará ilé kejì. Ó ní kí ọmọ náà jókòó síbẹ̀.

Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín. “Ìyá Hafeezah, ó kù kí ẹ kó ara yín náà wá.”

Nígbà tí Helen dé, ilẹ̀ ń dán.

“Ọmọ ńkọ́, mà?”

“Ó wà nílé kejì. Mi ò fẹ́ kó dí yín lọ́wọ́.”

“Níbo ló ń sùn?”

Mùtíátù nawọ́ sí sìmẹ́ǹtì. “Ibẹ̀ yẹn. Ẹní ẹ̀ ló wà nílé kejì.”

“Aṣọ ẹ̀ ńkọ́?”

“Nílé kejì náà ni, mà.”

Helen lọ sí ilé kejì. Ó bá Hafeezah tó sùn lórí ẹní, bèbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mùtíátù sáré jí ọmọ náà dìde, ó ká ẹní náà kí ó lè gbé e padà.

“Ẹ má ṣèyọnu, mà,” ni Helen wí. “Mo ti rí ibi tó ń gbé.”

Nígbà tí Helen dé ilé Wàhábì ní Ayépé, kò sẹ́ni tó gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kékeré wà níbẹ̀, aṣọ tí Hafeezah fi ṣe Iléyá ọdún tó kọjá ṣì so kọ́ lára ògiri.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje, Mùtíátù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wolé-wolé fún adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adájọ́ gbọ́ ọ tán, ó padà sórí ìwé tí Helen kọ pé ilé kejì ni ọmọ ń gbé.

Ó ní kí Hafeezah lọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ayépé. Ọmọ náà kò sùn ní yàrá ìyá rẹ̀ mọ́.