Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Pẹ́lẹ́ńgẹ́

"Ta ni àbúrò nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Dókítà béèrè. Ó ti wo ìwé èsì àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbójú sókè.

"Èmi ni," obìnrin tó jẹ́ aránṣọ nínú wọn dáhùn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí bí ara rẹ̀ ti rí. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n sanra, ó tóbi nídìí àti nítan, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí àbúrò ti ń ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ẹ̀gbọ́n má baà rí àwáwí ni òun náà ṣe na ọwọ́ tirẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

"Ara ẹ̀gbọ́n yín dá ṣáṣá," Dókítà ní. "Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn, mà. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ jù, ó ti wọ ẹ̀dọ̀. Ṣúgà yín náà ti ń gòkè."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Bóyá wọ́n ṣi orúkọ kọ. Ọ̀rá wo ló wà lára mi?"

"A tún un yẹ̀ wò, mà. Àìsí ọ̀rá níbi tó yẹ kó wà gan-an ló ń dààmú yín. Ọ̀rá abẹ́ awọ kì í ṣe ẹrù lásán. Ó máa ń tú àwọn purotéènì kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ló ń jíṣẹ́ fún ẹ̀dọ̀ àti iṣan pé kí wọ́n jó ọ̀rá tó bá wọlé. Tiyín kéré, ìránṣẹ́ rẹ̀ náà ò sì tó. Ọ̀rá tí kò ríbi wọ̀ sí wá ń rìn kiri, ó ń lọ bá ẹ̀dọ̀, ó ń lọ bá ọkàn. Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín?"

Ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ rántí ìgbà tí kò rẹ̀ ẹ́ mọ́. Bó bá jí láàárọ̀, á kọ́kọ́ jókòó sétí ibùsùn bí ẹni tó ti ránṣọ ọjọ́ náà tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

"Ẹ ó máa lo oògùn, ẹ ó sì máa rìn," Dókítà ní. "Ó tún lè jẹ́ àbímọ́. Ṣé ẹ bímọ?"

"Obìnrin kan. Bẹ́ ẹ bá ti rí èmi, ẹ ti rí i."

Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀ sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n kàn gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti máa ń rò ó pé inú mi á dùn lọ́jọ́ tó o bá mọ̀ pé o ò mọ ohun tí ò ń sọ," ó ní. "Inú mi ò dùn."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dójú tì yín tó lójú àwọn ọmọ yín."

"Ó dùn mí, n ò ní purọ́."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ọwọ́ sínú báàgì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì," ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, "ṣé wọ́n ti ní kí Mọ́mì Àgbà yéé jẹun?"

"Má fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Gbọ́, lọ́la, má jẹ ohunkóhun láàárọ̀. A jọ ń bọ̀ wá síbí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò."

"Èmi? Bí mo ṣe rí yìí?"

"Bó o ṣe rí yẹn náà ni."