Ọsàn Tí Oyèdòkun Kò Fún Un

Ẹ̀yìnkùlé wọn ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé wọn. Oòrùn kò sí lójú sánmà, síbẹ̀ ibi gbogbo mọ́lẹ̀ kedere. Igi ọsàn tí ìjì ti wó tipẹ́ tún ti dúró, ó so jìngbìnnì, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ewé kan ò sì dún. Abẹ́ rẹ̀ ni Ìbídùnní ti rí Oyèdòkun ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sin nígbà ọyẹ́, tó jókòó lórí àpótí rẹ̀ àtijọ́, tó ń bó ọsàn.

Bó ṣe máa ń bó o nígbà ayé rẹ̀ náà ni, èèpo gígùn kan ṣoṣo tí kì í já. Ọsàn àkọ́kọ́ kì í kọjá ọwọ́ ìyàwó. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Oyèdòkun ń kẹ́ ìyàwó bí ẹni kẹ́ ọmọ tuntun. Kí wọ́n máa wí. Ẹni tí wọ́n ń kẹ́ ló mọ adùn rẹ̀.

Ìbídùnní kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Bàbá Síjúadé.”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àníkẹ́, àyà rẹ ń já.”

Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe lójú àlá nìkan. Nọ́ọ̀sì Fádérera ti wá sílé torí ẹ̀ pàápàá. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ń bá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń la ará ìlú lóye nípa àrùn ọkàn, tí wọ́n sì ń dúró ti ẹni tí àrùn náà bá pa èèyàn rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sí gbọ̀ngàn ìlú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbídùnní kọ̀. Ó ní ta lòun ń tọ́jú ọkàn fún, nígbà tí olówó orí òun ti lọ?

“Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà mí,” ló dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

“Èmi náà, ẹ̀rù kọ́ nígbà yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Nígbà tí Oyèdòkun ń di àyà mú, tó ń sọ pé àyà ń já òun, ẹjọ́ ilẹ̀ tó ń jẹ́ ni gbogbo ilé rò pé ó ń bẹ̀rù. Wọ́n ní kó ṣọkàn gírí. Pásítọ̀ gbàdúrà ìgboyà fún un. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ojo la ń pè é lédè wa. Ta ní máa ronú kan dókítà?

Oyèdòkun bó ọsàn náà tán, ó gé orí rẹ̀. Ìbídùnní na ọwọ́. Kò ṣàìmọ ohun táwọn àgbà ń wí, pé ẹni bá jẹ oúnjẹ òkú lójú àlá, ọ̀nà rẹ̀ ò jìn mọ́. Ó mọ̀, ó sì na ọwọ́.

“Ẹ fún mi. Àárò yín ń sọ mí.”

Oyèdòkun wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọsàn sẹ́nu ara rẹ̀, tó fà á mu títí ó fi gbẹ. Kò ṣe irú ẹ̀ rí.

“Tìrẹ kò tíì pọ́n, Àníkẹ́.”

Ìbídùnní jí. Ilẹ̀ ti mọ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìrọ̀rí rẹ̀ tutù. Inú kọ́kọ́ bí i. “Ahun,” ló sọ sínú yàrá tó ṣófo. Ìgbà tó yá ló wá yé e. Ọkọ tí kò fi nǹkan kan dù ú rí ti fi ohun kan ṣoṣo dù ú. Ó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn, ó wẹ̀, ó sì gba ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú.

Nọ́ọ̀sì Fádérera bi í pé kí ló ń ṣe màmá. Ó ní àyà ń já òun. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó ṣọkàn gírí.

“Ẹ̀rù kọ́, mà,” ni Ìbídùnní wí. “Ọkàn mi gan-an ló ń sáré.”

Ó na ọwọ́, lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbà á.