Òkun Wà ní Ìlá

"Tún un kà," ni Hadassah wí.

Àsíìsì gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó tún un kà, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "'Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹja òkun, fọ́tò tí Màmá Bámgbóyè fi ránṣẹ́ fún kàlẹ́ńdà wa kì í ṣe ti inú ilé wọn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti jí i. Ta ló lè sin iyùn òkun ní Ìlá, níbi tí omi ẹ̀rọ pàápàá kì í yọ? A ti yọ orúkọ wọn kúrò.' Adébóyè, akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní Èkó, ló kọ ọ́, mà."

Hadassah Bámgbóyè jókòó sórí àga onítìmùtìmù tí àwọn ìyàwó tuntun máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Àsíìsì, nítòsí gáréèjì, báàgì rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní láàbù kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó fẹ̀yìntì, débi pé Ìyá Láàbù ni ìlú ń pè é títí di òní. Fọ́tò yẹn gan-an ló ní kí Àsíìsì bá òun tẹ̀ jáde kí òun lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé, ló ṣe ní kí Àsíìsì, ọmọbìnrin ayàfọ́tò náà, bá òun ka ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù.

"Wọ́n pè mí lólè," ó wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tèmi, mi ò mú un rí."

"Ẹ fà wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mà. Ọlọ́run mọ̀."

"Ọlọ́run mọ̀. Adébóyè ni kò mọ̀."

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Bólúwadúró, àkọ́bí Hadassah, ń kó lọ sí Kánádà. Ó ní àpótí gíláàsì ńlá kan nílé rẹ̀ ní Èkó, tó fi ń sin ẹja òkun àti iyùn òkun, àwọn ẹ̀dá tó rí bí òdòdó, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ẹnu, tí wọ́n ń jẹun. Ó fẹ́ dà wọ́n nù. Hadassah ní dà wọ́n nù kẹ̀? Ó háyà ọkọ̀ fún àpótí, ó kó ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ sínú kúlà mẹ́ta, ó sì jókòó tì wọ́n láti Èkó dé Ìlá. Kí oṣù kan tó pé, gbogbo wọn ti kú, àfi ègé iyùn mẹ́ta tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó wọ aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbe omi òjò, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ lálẹ́. Ó kó iná sólà sórí òrùlé nítorí ẹ̀rọ tó ń ru omi kò gbọdọ̀ dákẹ́ pẹ́. Iyùn mẹ́ta yẹn ti di ogójì ó lé báyìí, ó sì ti ra ẹja tuntun sí àárín wọn.

Fóònù Hadassah dún lọ́wọ́ Àsíìsì. Bólúwadúró ni. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ti sọ fún un.

"Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó dùn yín rárá. Màá kọ̀wé sí Adébóyè nísinsìnyí. Màá ní èmi ni mo ni àpótí náà, pé mo kàn gbé e sọ́dọ̀ yín ni. Ó mọ̀ mí dáadáa. Á gbà."

"Bólú, ìwọ lo ni gíláàsì. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ni wọ́n ti dàgbà. Tí o bá kọ ìwé yẹn, ìwọ náà ti bá wọn pè mí lólè nìyẹn."

"Mọ́mì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ní i lọ́kàn..."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run á bù kún ẹ. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Nígbà tó pa fóònù, ó yíjú sí Àsíìsì. "Fọ́tò yẹn. Má tàn mí. Kí ló ṣe é tó fi jọ irọ́?"

Àsíìsì wò ó. "Wàláhì, mà, ó jọ irọ́. Ó rí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú aró. Iná búlúù tó wà lórí omi yín ló ru ojú fóònù. Kámẹ́rà gidi ni wọ́n fi ń ya irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín yà á."

"Mi ò ní kí o bá mi yà á. Kọ́ mi. Tí ìwọ bá yà á, wọ́n á ní mo bẹ̀wẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Àsíìsì dé ti òun ti kámẹ́rà àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé. Kò rí àpótí náà rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wo ẹja pupa onílà funfun tó ń yọ lọ yọ bọ̀ láàárín iyùn tó rí bí olú, èyí tó rí bí ọpọlọ, èyí tó ń ju ìka bí ẹni ń kíni.

"Súbúánálláà," ó wí. "Ìlá náà rèé?"

"Gbé kámẹ́rà ẹ jáde."

Òótọ́ kan ni pé Àsíìsì pàápàá kò ya ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì rí. Ìyàwó àti ọmọ ìkókó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó tan fíláàṣì, fíláàṣì kọlu gíláàsì, gbogbo fọ́tò funfun bí ẹ̀kọ. Wọ́n pa fíláàṣì. Ẹja pupa wá jáde bí epo tí wọ́n fìka fà sára ògiri.

"Ojú kámẹ́rà ń pẹ́ jù kó tó ṣẹ́," ni Àsíìsì ṣàlàyé. "Ẹja ti sá lọ kó tó padé. Ẹ yí èyí, mà. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà igba."

Hadassah yí i. Ẹja dúró, ṣùgbọ́n fọ́tò ṣú dùdù.

"Ẹ gbé ISO sókè. Òun ló ń jẹ́ kó ríran nínú òkùnkùn. Ẹ má gbé e jù, á di yanrìn."

Àsíìsì tún fẹ́ yí nǹkan mẹ́ta pọ̀, Hadassah di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá yí mẹ́ta, báwo lo ṣe máa mọ èyí tó ṣiṣẹ́?" Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ń kọ́ ẹnì kejì. Wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń ru omi fúngbà díẹ̀, iyùn dẹ́kun mímì. Wọ́n nu gíláàsì ní inú àti ní ìta. Wọ́n gbé kámẹ́rà kọjú sí gíláàsì gbọnrangandan, nítorí bó bá ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni àwòrán ń daru. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ búlúù, Àsíìsì fi nọ́ńbà kan hàn án, èyí tó ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ fún kámẹ́rà, kó lè mọ ohun tó ń jẹ́ funfun. Hadassah ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dé ẹgbàárùn-ún, tí kò lè lọ mọ́. Búlúù fà sẹ́yìn. Àwọ̀ ewé yọ. Àwọ̀ osùn yọ.

"Àmọ́ ojú yín wà nínú rẹ̀, mà," ni Àsíìsì wí. "Gíláàsì ń ṣe bíi dígí. Ẹ wọ aṣọ dúdú, ká fa kọ́tìnì."

Aṣọ dúdú kan ṣoṣo tí Hadassah ní ni èyí tó fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó lọ wọ̀ ọ́. Pálọ̀ ṣókùnkùn, ó tẹ kámẹ́rà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n wò ó, Àsíìsì pàtẹ́wọ́. Fọ́tò náà mọ́ bí omi àpáta, ó dára bí èyí tí wọ́n ń tà.

Hadassah wò ó pẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn.

"Kí ló tún kù, mà?"

"Ibo ni Ìlá wà níbẹ̀? Ibo ni mo wà? Ohun tó mọ́ tó báyìí, wọ́n á tún ní mo jí i."

Ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ náà sọ́wọ́ kan, ó wọ bùbá aláwọ̀ ọsàn tó fi ń lọ sípàdé àwọn díákónì obìnrin, ó we gèlè. Ó ṣí kọ́tìnì sílẹ̀ gbayawu. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé, ojú fèrèsé bọ́ sára gíláàsì pẹ̀lú páànù ilé aládùúgbò àti igi máńgòrò.

"Iyùn wà nítòsí, ojú mi wà lọ́ọ̀ọ́kán," ni Hadassah ń bá ara rẹ̀ sọ. "Tí mo bá fún ojú léǹsì pọ̀ kó kéré, á rí méjèèjì kedere. Ṣùgbọ́n á ṣókùnkùn. Ó dáa, kí ojú kámẹ́rà pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó ṣẹ́. Ẹja lè sá tó bá wù ú."

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó gbé orí sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin arúgbó kan yọ láàárín iyùn òkun, ìlà ojú rẹ̀ hàn, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ránṣẹ́ sí Adébóyè, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e.

Adébóyè pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àṣìṣe wa ni. A ti dá orúkọ yín padà, fọ́tò yín á sì wọ kàlẹ́ńdà. Nǹkan kékeré kan ló kù. Ẹja àti iyùn nìkan ló wà nínú ti àwọn yòókù. Ẹ bá wa yọ ojú yín kúrò nínú rẹ̀."

"Nígbà tí ojú mi kò sí nínú rẹ̀, ẹ ní olè ni mí."

"Mà, ọjọ́ Ẹtì la máa ti kàlẹ́ńdà náà pa..."

"Ẹ tì í pa, Adébóyè. Bí kò bá lè wọlé pẹ̀lú ojú mi, kó má wọlé. Ó dàbọ̀."

Ó kó bàtà sẹ́sẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù Àsíìsì lọ. Wọ́n tẹ fọ́tò náà ní títóbi tó gùn ju apá lọ. Hadassah fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú sísàlẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ojú wíńdò tó kọjú sí títì, láàárín fọ́tò àwọn ìyàwó àti ti àwọn tó gboyè.

Ó ṣì ń wo bóyá ó tọ́ nígbà tí ọlọ́kadà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti ń hewú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Láàbù. Òkun ibo lẹ lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Ilé mi nìyẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Hadassah kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó tún fọ́tò náà wò.

Hadassah gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di báàgì rẹ̀ mú. "Gbé mi délé," ó wí. "Tá a bá débẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ kí o wọlé."