Abala Mẹ́rin Tó Kù

Abẹ́rẹ́ màṣíìnì tún ṣẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láti àárọ̀, aago mẹ́wàá ò sì tíì lù. Ọdúnayọ̀ fi èékánná yọ ṣóńṣó tó há sínú aṣọ, ó jù ú sínú agolo mílíìkì, ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó padà wá jókòó, ó tún dìde. Níta, àwọn tírélà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màlúù Róòdù, gbogbo wọn kọjú sí ebúté Àpápá, kò sì sí èyí tó ń lọ nínú wọn. Ó wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin, bí ẹni pé ẹ̀bi wọn ni.

Ohun tó ń lé e sókè-sódò wà lórí tábìlì. Ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ni, onírúurú ègé aṣọ ni wọ́n rán pọ̀ di abala kọ̀ọ̀kan, abala ọgbọ̀n ló sì gbọ́dọ̀ ní. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti parí, ó ku mẹ́rin. Sànúsí, ọkùnrin tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní ebúté, tó ní ọ́fíìsì ní Wíáhaòsì Róòdù, ń bọ̀ wá gbà á ní aago mẹ́rin. Ọ̀gá wọn òyìnbó ń padà sílùú rẹ̀ lónìí, ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì náà ni wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Màdámù Akpevwe tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó sì mọ iṣẹ́ náà, ti wà lọ́sibítù láti ọjọ́ Túsìdé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e dè, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ò sì ṣeé gbé dáadáa mọ́.

Ovie, ọmọ Màdámù tó ń ṣiṣẹ́ alábàárù ní ebúté, ti gba ṣọ́ọ̀bù kọjá ní ìdájí. Ó ní ìyá òun ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iṣẹ́ Sànúsí o, kí Ọdúnayọ̀ kàn bẹ ọkùnrin náà kó ní sùúrù. Sùúrù kẹ̀? Ṣé bàlúù ni wọ́n máa bẹ̀ kó ní sùúrù? Ọdúnayọ̀ ní òun ti gbọ́. Bí Ovie ṣe yí kọ́nà báyìí, ó ṣí drọ́wà, ó kó aṣọ jáde.

Ẹ má pè é ní aláìgbọràn kíá. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn iṣẹ́ tó wá kọ́, ọdún karùn-ún ló ń lọ yìí. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, wọ́n ti ní ọmọ-iṣẹ́ tiwọn. Tó bá ti mẹ́nu ba ti fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ Màdámù, èsì kan náà ló máa ń gbọ́: "O ò tíì mọ abala." Abala ọ̀hún ló sì sọ Màdámù di ẹni tí wọ́n mọ̀ láti Ajégúnlẹ̀ dé Àpápá. Tí o bá wo ẹyọ kan ṣoṣo, ègé mẹ́rìndínlógún lo máa kà níbẹ̀: ńlá, tẹ́ẹ́rẹ́, kékeré, ìkan ń lé ìkan, ojú ò ní rí ibi sinmi sí. Àwọn oníbàárà a ní ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n ń lò lórí ẹyọ kan. Màdámù ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí bó ṣe ń ṣe é. Tó bá ti kan abala ṣíṣe, á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, á ní kí Ọdúnayọ̀ lọ ra òwú wá lọ́jà Bọ́ńdárì, òwú tó kún inú drọ́wà dẹ́nu. Kó tó dé, abala ti parí, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó ti wà lórí tábìlì.

Ó wá ku kí wọ́n máa fi ohun tí wọn ò kọ́ èèyàn dá èèyàn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n tó bá lè ṣe mẹ́rin yìí lónìí, tí Sànúsí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló tún máa sọ pé kò mọ̀ ọ́n? Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́ ti Ovie.

Àmọ́ kò tíì rí i ṣe. Ó fi téèpù wọn ègé kọ̀ọ̀kan lára èyí tó ti parí, ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà, ó gé mẹ́rìndínlógún, ó ń rán wọn pọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Tí igun kan bá bára mu, ìkejì á gun orí ara wọn. Ó tú u, ó tún un rán. Ó wọ́. Ó tún tú u. Níbi tí aṣọ ti nípọn jọ ni abẹ́rẹ́ ti ń ṣẹ́. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, ó ti ba aṣọ abala méjì jẹ́, òógùn bò ó, ebi ò sì pa á. Ó jáde, ó wọlé. Ó bu omi, kò mu ún. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó bá gbà ni òun máa fún un. Abala márùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti so pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló dá wà. Ó mú èyí tó dá wà náà, ó fi abẹfẹ́lẹ́ tú ìrán gígùn méjì tó la àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kan ní òòró, ọ̀kan ní ìbú. Ó ti ń retí kí ègé mẹ́rìndínlógún fọ́n ká sórí tábìlì. Mẹ́rin péré ló já bọ́.

Mẹ́rin. Ó mú wọn, ó wò wọ́n níwájú, ó wò wọ́n lẹ́yìn. Igun kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ègé pupa kékeré, ańkárá ẹlẹ́yẹ ni. Orí ẹyẹ wà lára ọ̀kan, ìrù wà lára ọ̀kan, ẹsẹ̀ wà lára ọ̀kan, apá wà lára èyí tó kù. Kò mọ ohun tó sún un dé ibẹ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn, bí ọmọdé tó ń to páálí, títí orí ẹyẹ fi bá ọrùn rẹ̀. Ẹyẹ pé. Bí ẹyẹ ṣe pé ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ara abala náà pòórá. Ègé mẹ́sàn-án lásán ló ń wò: mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀, ẹlẹ́yẹ ló wà ní gbùngbùn. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an.

Òun ni. Ó rí i níbi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti rán lọ rán bọ̀ nígbà mẹ́ta, àṣà kan tí Màdámù máa ń tìtorí ẹ̀ bú u. Ojoojúmọ́ ni Màdámù ń ní kó rán ègé mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án pọ̀. Ó ní obìnrin kan ní Ìjọra Badia ló ń kó wọn, ó ń fi ṣe ìbora ọmọ. Obìnrin Badia wo? Inú yàrá ẹ̀yìn ni obìnrin Badia wà! Ohun tí Màdámù ń ṣe níbẹ̀ kò ju kó gé abala tí Ọdúnayọ̀ ti rán sí mẹ́rin bí ẹni gé búrẹ́dì, kó dorí méjì kodò, kó tún wọn rán pọ̀. Ó parí. Ègé mẹ́sàn-án ti di mẹ́rìndínlógún, èèyàn á máa rò pé oṣó ló rán an.

Kí ló dé tí kò ronú kàn án láti ọdún márùn-ún? Òfin ṣọ́ọ̀bù ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ni Màdámù ti sọ ọ́ sí i létí pé aṣọ tí wọ́n bá ti rán, àlùmọ́gàjí ò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Lọ́jọ́ tó fi àṣìṣe gé ọrùn bùbá oníbàárà, orí ìkúnlẹ̀ ló wà di ọ̀sán. Ọmọ tí wọ́n bá fi irú ìyẹn kọ́, kì í ronú àtigé ohun tó ti rán. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀. Orí rẹ̀ gbóná. Ọdún márùn-ún, fún ohun tí èèyàn lè kọ́ kí omi ẹ̀kọ tó hó!

Abala mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án mẹ́rin wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tó rán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó tẹ́ àkọ́kọ́ sórí tábìlì, ó fàlà gba àárín, ó mú àlùmọ́gàjí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó gé e. Ẹyẹ pín sí mẹ́rin. Ó dorí méjì kodò, ó tún wọn rán pọ̀. Ó parí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún èyí tó tú rán, ó so wọ́n mọ́ àwọn tó kù, ó lọ̀ ọ́, aago mẹ́rin ṣì ku ogún ìṣẹ́jú.

Sànúsí dé pẹ̀lú fìlà ìrun Jímọ́ọ̀ lórí. Ó tẹ́ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì náà gbalaja, ó fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí ìlà tó kẹ́yìn, lórí ọ̀kan lára èyí tí Ọdúnayọ̀ ṣe. Ó ní ẹ ò rí i pé ọwọ́ Màdámù ò láfiwé, kí Ọlọ́hun bá wọn gbé wọn dìde. Ọdúnayọ̀ ní àmín. Ó dì í fún un. Ó rán abala mìíràn kíá, ẹyọ kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì mú un dání lọ sọ́sibítù.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn, kò lè dúró de ọkọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa sọ ló ń tò lẹ́nu, ó ń yọ èyí tó rọ̀, ó ń fi èyí tó gbóná dípò. Lónìí, wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí àgbà sí àgbà.

Wọ́n fi ìrọ̀rí gbé Màdámù Akpevwe jókòó lẹ́bàá wíńdò. Ó ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọdúnayọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó ní Sànúsí ti gba iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé abala náà lé e lẹ́sẹ̀. Màdámù ò pariwo. Ó fi ọwọ́ òsì tọ ojú ìrán lọ díẹ̀díẹ̀, láti etí dé àárín, láti àárín dé etí kejì, ó ń wá ibi tí igun ò ti bára mu. Kò rí i.

"Ta ló fi hàn ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó fi hàn mí, Màdámù. Mo tú ọ̀kan nínú tiyín." Ohùn rẹ̀ ń gòkè láìjẹ́ pé ó fẹ́ kó gòkè. "Ẹ̀yin lẹ ní mi ò mọ abala. Èmi ni mò ń rán an, Màdámù. Láti ọdún márùn-ún, èmi náà ni."

Màdámù gbójú kúrò lára aṣọ. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ kan lòun fi kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyàwó òyìnbó kan tóun ń bá fọṣọ ní Àpápá. Ó ní bó ṣe rọrùn tó ló ba òun lẹ́rù. Ọmọ-iṣẹ́ tóun kọ́kọ́ ní, Ifeyinwa, òun ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ọmọ náà kọ́ ọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ọjọ́ Mọ́ńdè mìíràn tó pé, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, àwọn oníbàárà sì sọdá lọ bá a.

"Nǹkan mìíràn ò sí lọ́wọ́ mi tí mo lè fi dá èèyàn dúró," ni Màdámù wí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún tó nà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìgbà wo lo máa lọ?"

Ọdúnayọ̀ la ẹnu láti sọ pé òun ò lọ síbì kankan. Ó fẹ́ bínú sí ìbéèrè náà pàápàá: ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi òun pè? Ìgbà náà ló wá yé e ohun tí òun ṣe lójú ọ̀nà. Kíósì kan wà lẹ́bàá réluwéè, wọ́n tì í pa, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewéko kùn ún. Ó ti dúró níbẹ̀. Ó ti yọjú wo inú rẹ̀, ó ti béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò pé ta ló ni ín, ó sì ti gbé màṣíìnì kalẹ̀ síbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, lápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára pátákó. Ọsàn tó ní òun máa rà fún Màdámù, kò rántí ẹ̀. Yàtọ̀ sí abala yẹn, ọwọ́ lásán ló mú wá sọ́dọ̀ aláìsàn.

Màdámù ń wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó jọ pé ó ti ń retí ojú tí Ọdúnayọ̀ ń ṣe yìí láti ọdún márùn-ún, tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Gbogbo ọ̀rọ̀ gbígbóná tó tò wá ti tán lẹ́nu Ọdúnayọ̀. Ó wá òtítọ́ kan tí kò ní dun obìnrin náà. Ó wá a pẹ́.

"Kì í ṣe ọ̀la, Màdámù," ló sọ.

Màdámù mi orí pé òun gbọ́. Ó ká abala náà sí méjì pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó nà án padà sí i.