Agogo Idẹ Lẹ́nu Ọ̀nà Aránṣọ

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ aránṣọ, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ omi kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, inú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ẹni tó kàn fẹ́ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, á gbọ́ bí òwú ṣe ń di aṣọ lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé agogo afẹ́fẹ́ wálé: àwọn ọ̀pá ọparun kéékèèké tí wọ́n fi okùn so, tí afẹ́fẹ́ á máa gbá mọ́ra wọn. Ó so ó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ohùn igi kì í pẹ́ nílẹ̀," ló wí. "Ó ń fọkàn ẹni balẹ̀."

Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Aránṣọ á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, á ní, "Ẹ wọlé." Kò ní sẹ́nì kankan. Nígbà tí oníbàárà gidi wá kanlẹ̀kùn, kò dá a lóhùn mọ́, onítọ̀hún sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ti gíláàsì. Ìyẹn ń dún ṣín-ín, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni ìyàwó ń béèrè pé, "Kí lẹ tún fọ́?" Inú bí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ló bá ra ti idẹ, ọ̀pá gígùn tó nípọn.

"Tí idẹ bá dún lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ á dúró pẹ́ títí."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin kan wá nítorí ọwọ́ aṣọ tó há. Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́. "Ẹ rí ọwọ́ aṣọ yìí, ìtàn rẹ̀—"

Gbọ̀ọ̀ọ̀n.

Ó dúró kí ohùn idẹ rọlẹ̀. "Ìtàn rẹ̀—"

Gbọ̀ọ̀ọ̀n.

Kí ó tó rọlẹ̀, aránṣọ ti wọn apá obìnrin náà tán, obìnrin náà sì ti lọ. Aránṣọ tẹrí ba sórí maṣíìnì kí ọkọ má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun máa tú u. "Idẹ yìí ti le jù."

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Ẹ ní ó ń fọkàn ẹni balẹ̀."

"Ọparun ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún."

"Tèmi ti balẹ̀ báyìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bínú gbé àga rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tí wọ́n bá ti gé irun orí rẹ̀ dé ààbọ̀ kò kúkú lè dìde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, onígbàjámọ̀ yọjú, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń ta idẹ yìí?"