Ojú Tí Sójà Ara Kò Mọ̀ Mọ́

Nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ nọ́ńbà kan mọ́lẹ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò bí ẹni ń pa eèrà.

“Ayafótò, lọ́dún tó kọjá a wá kòkòrò apasójà-ara tì nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ó ti tún kún un báyìí. Kí ló dé?”

“Mò ń lo oògùn mi, Sístà.”

“Ẹ̀yin àti ta ni?”

Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ yín ṣàlàyé. Fótò kòkòrò yìí ni sójà ara fi ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bímọ, ojú àwọn ọmọ ń yàtọ̀. Kí sójà tó dá tàná mọ̀, tòní ti dé. Oògùn ni kì í jẹ́ kó ráyè bímọ. Bí oògùn ò bá tó, èyí tó bá fara dà á ló máa yè, àwọn ọmọ ẹ̀ á sì máa fi oògùn ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ọdún mẹ́ta ni Ayafótò ti fi àìsàn náà pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ìjayà mú ọkọ rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń dá hóró oògùn sí méjì: ó ń gbé ìdajì mì, ó ń lọ ìdajì sínú tíì ìyàwó. Lẹ́yìn náà ni yóò kúnlẹ̀: “Olúwa, bá mi dá a sí.” Ó pe èyí ní ìfẹ́. Àmọ́ bí irọ́ bá sáré fógún ọdún, òtítọ́ á lé e bá lọ́jọ́ kan.

“Ìyàwó mi ni mò ń pín in fún,” ó ní. “Kò mọ̀.”

Nọ́ọ̀sì ti ìwé àyẹ̀wò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ mú un wá lónìí. Bó bá ní in, ẹ ti ń kọ́ kòkòrò tiẹ̀ náà lọ́gbọ́n àtifara da oògùn. Oògùn mìíràn wà. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni kó ti gbọ́ ọ.”

Aṣọ ni ìyàwó ń lọ̀ nígbà tí Ayafótò délé.

“Múra, ká lọ sílé ìwòsàn.”

“Ta lara ẹ̀ ò yá?”

“Èmi ni.”

Kíá ni obìnrin náà yọ áyọ́ọ̀nù. “Yéè, olówó orí mi! Ẹ fara tì mí.” Ó ki èjìká bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó fẹ́ gbé e ró. Eegun èjìká náà gún Ayafótò níhà. Kì í ṣe àìsàn tirẹ̀ ló ti ń fi pamọ́ fún obìnrin yìí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni.

“Jókòó ná,” ni ọkọ wí. “Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó o gbọ́ lẹ́nu mi.”