Góòlù Kan Ṣoṣo fún Bọ̀dá Charles

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ti pé ní Apple Junction, ní Festac, kó má wulẹ̀ wo kàlẹ́ńdà. Kó kàn tẹ́tí sí ṣọ́ọ̀bù Adéjùwọ́n tó ń tún tẹlifíṣàn àti rédíò ṣe. Tó bá ti ń gbọ́ ariwo bí ìgbà tí àwọn kan fẹ́ na ara wọn, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìjà kọ́ o. Adéjùwọ́n àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló ń ṣeré: Fáṣínà télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Adéjùwọ́n jọ lẹ̀ mọ́ra, àti Túnjí tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní òdìkejì títì.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n máa ń jà sí, bọ́ọ̀lù àti ráàpù àtijọ́. Ní ti ráàpù, wọ́n gbà pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò mọ̀ ọ́n kọ mọ́. Ibẹ̀ ni ìfohùnṣọ̀kan wọn parí sí.

"Àwọn ọmọ New York ló lọ̀rọ̀ lẹ́nu," Fáṣínà wí, ó na sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ búra. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ jọ, bí ẹni ń rán kóòtù. Kò sí fọ́nrán òwú kan tó yọ síta."

"Ta ló fẹ́ wọ kóòtù nínú ooru yìí?" Túnjí dá a lóhùn. "California ni tèmi. Tí wọ́n bá ń kọrin, ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀ á fẹ́ rìn. Èmi tí mò ń ta páàtì ni mò ń sọ fún ọ."

"Abájọ tó o fi ń gbá bọ́ọ̀lù bí ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀."

Adéjùwọ́n rẹ́rìn-ín títí irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà fẹ́ẹ̀ jó o nítan. Àṣìṣe ló ṣe, nítorí ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí wọ́n rántí rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú Ẹgbẹ́ Apple, àwọn bàbá tó ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ Sátidé nítorí ìlera, òun sì ni kípà wọn.

"Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín?" Túnjí yíjú sí i. "Ìwọ tí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ìtan rẹ kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó rọra ń lọ bí aboyún?"

"Oòrùn wà lójú mi jọ̀ọ́."

"Òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà!" Fáṣínà pariwo. "Ṣùgbọ́n dákun, mú bọ́ọ̀lù lọ́la. Àwọn lánlọ́ọ̀dù Second Avenue là ń bá gbá a. Tí wọ́n bá fi lè nà wá, wọ́n á fowó kún owó ilé."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí oníbàárà Fáṣínà fi dé pẹ̀lú ankárá rẹ̀ lọ́wọ́, tí Túnjí náà sì sọdá padà sídìí ọjà rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni jíìpù dúdú kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Adéjùwọ́n. Bọ̀dá Charles ló bọ́ sílẹ̀.

Festac ni wọ́n ti tọ́ Bọ̀dá Charles dàgbà, ó kàn pẹ́ ní Àbújá, ó rí ṣe níbẹ̀, ó sì padà wá lọ́dún tó kọjá láti tún ilé bàbá rẹ̀ kọ́ ní Second Avenue. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń gbá iwájú fún ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù. Kò tíì jẹ góòlù kankan.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé tẹlifíṣàn ló bàjẹ́?" Adéjùwọ́n kí i.

"Tẹlifíṣàn kọ́. Èmi ni mo fẹ́ bàjẹ́." Bọ̀dá Charles jókòó lórí àpótí sípíkà kan, ó fa ìmí. "Àdọ́ta ọdún ni mo pé lọ́la. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti dé láti Canada. Láti kékeré wọn ni mo ti ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó tó mi gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí nígbà èwe mi. Mo ní àwọn òyìnbó wá wò mí, pé bàbá mi ni ò jẹ́ n lọ. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní pápá lọ́la. Wọ́n fẹ́ fi fóònù ká a sílẹ̀."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o."

"Má fi mí ṣẹ̀sín." Ọkùnrin náà gbé ọ̀rá dúdú kan lé orí tábìlì, láàárín àwọn wáyà àti bọ́tìnì. "Góòlù kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má nà wá. Ẹ jẹ mẹ́wàá sí wa bó bá wù yín. Ẹyọ kan péré kó jẹ́ tèmi. Ìdajì mílíọ̀nù náírà ló wà níbẹ̀ yẹn."

Adéjùwọ́n la ẹnu láti sọ pé rárá. Ọlọ́run ló jẹ́rìí, rárá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹsẹ̀ wo lẹ máa fi gbá a, sà?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì rẹ ni mo máa gbá a sí." Kí Adéjùwọ́n tó tún ẹnu là, jíìpù ti lọ.

Ó gbé owó náà sínú ikùn tẹlifíṣàn àtijọ́ kan tí olówó rẹ̀ ò wá gbé mọ́. Ó gbìyànjú láti padà sídìí iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ kọ̀. Ńṣe ni owó yẹn ń bá a sọ̀rọ̀ látinú tẹlifíṣàn bí ẹni ń ka ìròyìn. Ó ní: Adéjùwọ́n, epo bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ jẹ ọ́ tán, o ò ṣe ra sólà? Ó ní: ṣé èèyàn lo fẹ́ pa ni? Ṣé olè lo fẹ́ jà? Bọ́ọ̀lù tó máa wọlé á kúkú wọlé, àbí ìgbà wo lo di ẹ̀bìtì tí ń mú nǹkan? Ọ̀rọ̀ owó dùn létí. Nígbà tó fi máa ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti fọkàn gbé sólà náà sórí òrùlé, ó ti ń gba afẹ́fẹ́ fáànù sára.

Àárọ̀ Sátidé, pápá kún. Àwọn lánlọ́ọ̀dù wọ funfun, ikùn wọn ṣíwájú wọn. Ọmọ Bọ̀dá Charles obìnrin, Ìrètíolúwa, gbé fóònù sókè létí pápá, àbúrò rẹ̀, Olúgbóyèga, dúró tì í, ó ń pàtẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó fọn fèrè pàápàá.

Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi kan Bọ̀dá Charles lẹ́sẹ̀. Òun àti Adéjùwọ́n nìkan ló kù lójúkojú. Adéjùwọ́n wó sápá ọ̀tún gbìì bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bẹ́, ó fi gbogbo ilé góòlù sílẹ̀ gbayawu. Bọ̀dá Charles fẹsẹ̀ gún bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó fo ọ̀pá, ó fo ọgbà, ó lọ bà lé aṣọ tí ìyá kan sá sórí okùn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Adéjùwọ́n ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dijú, ó ń retí ariwo góòlù. Ohun tó gbọ́ ni "pàà!" lórí ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti bà á ní àtàrí, ó sì ti jáde.

"Kípà! Kípà! Kípà!" Gbogbo pápá gbà á.

Fáṣínà, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn, sáré wá gbá a mọ́ra. "Níbo lo kó èyí pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta, Adéjùwọ́n kúrò nínú ilé pátápátá, ó sáré síta kí Bọ̀dá Charles lè rí ilé tó ṣófo. Bí Bọ̀dá Charles ṣe rí i tó ń bọ̀ fìrìfìrì, ẹ̀rù bà á, ó sì ṣubú fúnra rẹ̀.

Ní àkókò ìsinmi, bí wọ́n ṣe ń mu omi lábẹ́ igi, Fáṣínà kò jókòó. Ó ń wo Adéjùwọ́n bí aṣọ tí wọ́n ṣì gé.

"Adé, láti ọjọ́ tá a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò rí ọ kó o wó lulẹ̀ rí. Kí ló dé?"

Adéjùwọ́n wolẹ̀, ó wòkè, ó jẹ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló sọ, títí kan tẹlifíṣàn.

"Ìdajì mílíọ̀nù!" Túnjí fún omi jáde lẹ́nu. "Èló ló kàn mí?"

"Túnjí, ojú ò tì ọ́?" Fáṣínà ní. "Ọmọ New York kan ò lè ṣe irú èyí."

"Ṣé ọmọ New York ló ń bá ọ san owó ilé?"

"Ráàpù wo ló kọ́ ọ pé kí èèyàn ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí owó?"

"Owó kẹ̀! Owó ni gbogbo wọn ń fi kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Ìwọ lo ò gbọ́ òyìnbó!"

Adéjùwọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fáṣínà ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Adé, mo máa ń bú ọ lọ́jọ́ Jímọ̀ pé o ò lè mú bọ́ọ̀lù. Ó máa ń dùn mọ́ mi torí pé òótọ́ ni. O ń gbìyànjú, o ò kàn mọ̀ ọ́n ṣe ni. Bó o bá wá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó wọlé lónìí, kí ni mo fẹ́ máa bú ọ sí?"

Rẹfirí fọn fèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn bá Adéjùwọ́n wọ inú ilé góòlù, ó dúró tì í níbẹ̀ bí ẹni kejì.

Ní ti Túnjí, kò ro nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Eré kù díẹ̀ kó parí, kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù, ni bọ́ọ̀lù kan bá gòkè wá sí àgbègbè wọn. Túnjí na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá bọ́ọ̀lù mú mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n ju búrẹ́dì sí.

"Ọwọ́!" ni gbogbo pápá ké.

"Ó ṣèèṣì ni," Túnjí ní, ó ń ṣẹ́jú sí Adéjùwọ́n.

Pẹnárítì. Bọ̀dá Charles gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì Adéjùwọ́n, ó mi orí díẹ̀. Adéjùwọ́n náà mi orí. Ọ̀tún ló máa wó sí. Ohun tó ti pinnu nìyẹn, àbí kò tíì pinnu, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Bọ̀dá Charles sáré wá, ó gbá a.

Bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń yí gbirigbiri sápá òsì. Adéjùwọ́n ní kí ara òun wó sọ́tùn-ún. Ara kọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra sósì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀lé e, nígbà tó sì máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀ sórí koríko, bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí àlejò tí kò ránṣẹ́ pè.

Ariwo sọ ní gbogbo pápá. Fáṣínà gbé e pọ̀n. Túnjí jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí bí ẹni òkú kú fún.

Bọ̀dá Charles kúnlẹ̀ sójú ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù, èjìká rẹ̀ ń mì. Ojú ti àwọn tó wà nítòsí láti wò ó, wọ́n rò pé ó ń sunkún. Àṣé ẹ̀rín ni! Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dìde. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré wọ pápá, wọ́n dì mọ́ ọn.

"Dádì, bọ́ọ̀lù yẹn tiẹ̀ ń tọrọ àforíjì bó ṣe ń lọ!" Ìrètíolúwa ń sọ, omijé ẹ̀rín lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Adéjùwọ́n gbé ọ̀rá dúdú lọ sí Second Avenue. Fáṣínà bá a lọ kó má baà yí ọkàn padà. Túnjí ní òun náà ń bọ̀, kí òun lè sin owó náà dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó Bọ̀dá Charles, Àǹtí Adébùnmí, ló ṣílẹ̀kùn. Ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ ti wà lórí tábìlì. Bí Bọ̀dá Charles ṣe rí ọ̀rá náà, ó sáré fi ara dí i.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Páàtì tẹlifíṣàn ni."

"Ọkọ mi."

Bọ̀dá Charles wo àwọn ọmọ, ó wo àwọn àlejò, kò rí ibi tó máa gbà, ló bá jẹ́wọ́. Àǹtí Adébùnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó lé.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "bàbá yín ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ráàpù ló ń ṣe! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá, òun á gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì lé èjìká, á máa yí pápá ká, á máa da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo rí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣé ẹ rò pé torí ẹsẹ̀ ni?"

Olúgbóyèga la ẹnu sílẹ̀. "Dádì, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

Bọ̀dá Charles fọwọ́ nu ojú. "Ọ̀gá ni bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó jó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mi lẹ́yìnkùlé, ó ní iṣẹ́ ọmọ ìta ni. Mo gbà á gbọ́. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, mo wá yá ìtàn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lò."

Túnjí, tó ti ń jẹ ẹran, gbé eegun sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu etí tábìlì díẹ̀díẹ̀. Olúgbóyèga gbà á, ó fi ẹnu lu ìlù sí i. Bọ̀dá Charles ní rárá, ó ní òun ti dàgbà, ó ní kí wọ́n jẹun. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ń mì, ó sì dìde:

"Bàbá mi ní n lọ sùn, oorun ò sí lójú mi,
Ọ̀rọ̀ ń hó bí ẹ̀wà, ó ti kún ẹnu mi,
Ẹ bá mi ṣí fèrèsé, kí n dà á síta,
Kó má jó mi láhọ́n o, ẹ wò ó bó ṣe ń ta!"

Kò ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù sílé tó ṣófo ń ju ọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bà síbi tó yẹ kó bà sí. Ìrètíolúwa ti gbàgbé fóònù lórí ìtan rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Fáṣínà ní, ó ti dìde dúró láìmọ̀, "ẹ dákun sà, kí ló kàn?"

Ọ̀rá dúdú náà wà lórí fìríìjì níbi tí Àǹtí Adébùnmí gbé e sí. Adéjùwọ́n jí i wò lẹ́ẹ̀kan, ó rántí sólà, ó dùn ún díẹ̀, kò ní purọ́. Ó fa àwo ìrẹsì mọ́ra. Níwájú rẹ̀, Bọ̀dá Charles ti pa ojú dé, ó ń wá ẹsẹ orin kejì, Túnjí sì ń lu tábìlì dè é.